Páálí, dígí àti abọ́ omi: bí a ṣe lè mú kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí àbùdá ìmọ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ọmọ 52 ló sì wà níwájú mi. A kò ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, iná mànàmáná kì í sì í dúró. Bí mo bá béèrè àbùdá ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn á ké e lẹ́ẹ̀kan náà pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà, pé ó ń ta padà, pé ó sì ń yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n ya àwòrán bí àbẹ́là ṣe ń jẹ́ kí a rí ìwé orí tábìlì, ọ̀pọ̀ nínú wọn fa ìlà láti ojú ènìyàn lọ sórí ìwé. Àwọn àyẹ̀wò wo ni mo lè fi ohun tí kò wọ́n ṣe, èwo ló sì yẹ kó ṣíwájú?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ kú làálàá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, àwòrán àbẹ́là yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dì mú, nítorí ó ti sọ fún yín ohun tí ìdánwò sáà kan kò ní sọ. Ọmọ tó fa ìlà láti ojú lọ sórí ìwé kò ya òmùgọ̀. Èdè tó ti ń gbọ́ láti kékeré ló tẹ̀ lé. Àwa Yorùbá máa ń ju ojú sí nǹkan, a máa ń tajú kán ẹnì kan lókèèrè, a sì ń sọ pé ojú wa tó ibì kan, àfi bí ẹni pé nǹkan kan ń jáde láti inú ojú lọ bá ohun tí a ń wò. Àwọn ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì bíi Euclid àti Ptolemy pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1011 sí 1021 ni Ibn al-Haytham, ọmọ bíbí Basra tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Cairo, kọ ìwé ńlá tó fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara nǹkan wá sínú ojú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọ yín lè sọ lọ: bí a bá wo ohun tó mọ́lẹ̀ jù, ojú á máa dùn wá. Bó bá jẹ́ pé ojú ló ń rán nǹkan jáde, kí ni ìbá máa dùn ún?

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìmọ́lẹ̀, tún fi kún ìṣòro yìí. Bí a bá tú u palẹ̀, mímọ́ ilẹ̀ ni: ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ipò tí ibì kan wà ni ọmọ ń gbọ́ nínú rẹ̀, kò gbọ́ ohun kan tó gbéra níbì kan, tó rìn, tó sì gúnlẹ̀ síbòmíràn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìdánwò, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tó ń rìn náà. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí gbogbo àyẹ̀wò yín máa lépa: pé ìmọ́lẹ̀ ń gbéra láti ibì kan dé ibòmíràn, àti pé a kì í rí nǹkan àfi bí ìmọ́lẹ̀ tó ti ara rẹ̀ wá bá wọ ojú wa. Àyẹ̀wò tí kò bá ti ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Èmi náà ti ṣe àṣejù nídìí èyí rí. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyẹ̀wò mẹ́sàn-án ni mo kó wọ inú ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo béèrè lọ́jọ́ kejì pé kí ni wọ́n rántí, ọmọbìnrin kan ní òun rántí pé omi dà sí bàtà tíṣà.

Páálí bàtà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lu ihò kan tó gba ojú kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gé fèrèsé kékeré sí ọmọrí rẹ̀, kí ẹ sì fi páálí mìíràn bo fèrèsé náà lọ́nà tó fi lè ṣeé ṣí, kó ṣeé tì. Ẹ gbé tòmátì kan sínú rẹ̀, ẹ fi aṣọ dúdú dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà yọ́ wọlé. Kí ọmọ kankan tó fojú sí ihò, ẹ ní kí wọ́n nawọ́: ta ló gbà pé òun yóò rí tòmátì náà bí òun bá ń wò ó fún ìgbà pípẹ́? Ní gbogbo ibi tí mo ti ṣe é, ọwọ́ púpọ̀ ló máa ń lọ sókè, nítorí pé kò sí ọmọ tó ti wà nínú òkùnkùn tí ìmọ́lẹ̀ kankan kò sí rí. Bí òṣùpá kò bá yọ, ìràwọ̀ á wà, tàbí fìtílà ará ilé kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó títí tí yóò fi sú wọn, kí ẹ tó ṣí fèrèsé náà díẹ̀. Ẹnì kan yóò béèrè pé ológbò ń kọ́. Ológbò náà kò lè rí tòmátì yẹn. Ojú rẹ̀ tó ń dán lóru, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì wa ló dé ẹ̀yìn ojú náà tí ohun kan níbẹ̀ tó dà bíi dígí sì ta á padà sí wa.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó wọn lọ sí abẹ́ igi. Bí òòrùn bá ti ràn dáadáa, abẹ́ máńgò tàbí abẹ́ igi furúùtù á kún fún àmì ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni àwọn àmì náà ṣe rí, wọn á ní wọ́n rí róbótó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè wo òòrùn o. Ẹ já ẹ̀ka kan wálẹ̀, kí wọ́n wo àlàfo tó wà láàárín ewé. Kò sí èyí tó rí róbótó nínú wọn: òmíràn rí bí ẹnu ọ̀bẹ, òmíràn ní igun mẹ́ta, òmíràn kò tilẹ̀ ní orúkọ. Níbo wá ni róbótó ti wá? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ fún wọn ní páálí tí ẹ ti lu ihò kékeré onígun mẹ́ta sí, òmíràn tí ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, òmíràn tí ẹ fi ìṣó lu. Kí ẹnì kan gbé páálí náà sójú òòrùn, kí ẹlòmíràn mú bébà funfun dúró sínú ibòji rẹ̀. Nítòsí, ihò onígun mẹ́ta á fi igun mẹ́ta hàn. Bí bébà bá ti ń sún sẹ́yìn, àwọn igun náà á máa kú, tí ó bá sì fi máa tó mítà 2, gbogbo ihò, ìbáà ṣe onígun mélòó, ló ti di róbótó. Àwòrán òòrùn fúnra rẹ̀ ni àmì yẹn.

N kò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó fi owó táṣẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ tó báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá dí ojú òòrùn, ẹni tó bá wo ilẹ̀ lábẹ́ igi lápá ibí yìí á rí i pé gbogbo àmì róbótó ti di bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Fún àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò, ẹ tún lè lọ síwájú. Bí ihò bá kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá, tí bébà sì dojú kọ òòrùn gan-an (bó bá dàgẹ̀rẹ̀, àmì náà á gùn bí ẹyin), fífẹ̀ àmì náà ní mítà 2 máa ń tó mìlímítà 18 tàbí 19. Ìyẹn ni pé jíjìnnà ihò sí bébà fi nǹkan bí ìlọ́po 107 ju fífẹ̀ àmì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òòrùn fúnra rẹ̀, nítorí ìlà kan náà tó tọ́ ló gba inú ihò kọjá. Òòrùn jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 107, a ó rí mílíọ̀nù 1.4 kìlómítà, tí í ṣe fífẹ̀ òòrùn. Rúlà onígi ni ọmọ náà fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn ìwé kíláàsì fẹ́ràn páálí mẹ́ta tí a lu ihò sí, tí a tò tẹ̀lé ara wọn, tí a sì tan àbẹ́là sẹ́yìn wọn. Kò burú, ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ti kọ́ sórí ló kàn ń jẹ́rìí sí. Agolo mílíìkì tí a lu ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó kékeré, tí a sì fi bébà tí a fi òróró pa bo ẹnu rẹ̀, ló ń mú wọn ronú. Kí ọmọ fi aṣọ bo orí àti agolo náà pọ̀, kí ó kọ ihò sí ọ̀nà ilé tí òòrùn ń ràn sí, kì í ṣe sí òòrùn, yóò sì rí ilé náà lórí bébà pẹ̀lú òrùlé nísàlẹ̀. Ẹ fi òwú pupa àti òwú dúdú ṣàlàyé rẹ̀: kí ẹnì kan di òwú pupa mú lókè, kí ẹlòmíràn di òwú dúdú mú nísàlẹ̀, kí méjèèjì gba inú ihò kan ṣoṣo kọjá. Èyí tó wá láti òkè kò lè ṣe kó má bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì lè rí yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan àbẹ́là mẹ́ta níwájú ihò kan gẹ́gẹ́ bí Ibn al-Haytham ṣe to fìtílà. Àmì mẹ́ta ló máa hàn lára ògiri. Ẹ bo àbẹ́là kan, àmì tirẹ̀ nìkan ni yóò parẹ́. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta gba ẹnu ọ̀nà kan, wọn kò sì da ara wọn rú.

Ní ti dígí, ẹ wá kóòmù tàbí òòyà eléyín gígùn. Láàárọ̀, nígbà tí òòrùn ṣì wà nílẹ̀, ẹ gbé e dúró sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé. Àárín eyín rẹ̀ á tú ìlà ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ jáde sórí bébà náà. Ẹ gbé dígí kékeré dúró sójú ọ̀nà àwọn ìlà yìí, gbogbo wọn á sì ta padà lójú ẹsẹ̀. Kí ọmọ fi báírò tẹ ìlà kan nígbà tó ń lọ àti nígbà tó ń bọ̀, kí ó tẹ ìlà mìíràn tó dúró ṣánṣán sí dígí níbi tí méjèèjì ti pàdé. Mo ti dẹ́kun àtimáa wá ohun èlò tí a fi ń wọn igun fún ọmọ 52. Kí wọ́n ṣẹ́ bébà náà po lórí ìlà tó dúró ṣánṣán yẹn, kí wọ́n sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìlà tó ń lọ àti ìlà tó ń bọ̀ á lé ara wọn lórí géérégé. Igun tí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé ni igun tí ó fi jáde, ọmọ náà sì ti rí i láìka nọ́ńbà kankan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwòrán àbẹ́là yín ń dúró dè wá. Ọmọ gbà pé dígí ń ta ìmọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò gbà pé ìwé, ògiri àti ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń ta á padà. Ẹ na aṣọ pupa sójú òòrùn lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì di bébà funfun mú nínú ibòji tó kọjú sí aṣọ náà, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì sí i. Bébà náà á pọ́n. Kò sí ẹni tó kùn ún. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé aṣọ ló fò kúrò níbẹ̀ wá bá a. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín dígí àti bébà, bọ́ọ̀lù ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀: bí ẹ bá jù ú sórí sìmẹ́ńtì tó dán, ẹ mọ ibi tí yóò gbà, bí ẹ bá jù ú sórí òkúta wẹ́wẹ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Dígí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lójú ọ̀nà kan, bébà ń fọ́n ọn ká, ìdí sì nìyí tí gbogbo ọmọ kíláàsì fi lè ka pátákó kan náà láti ibi tí kálukú jókòó sí. Bákan náà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín: ọ̀pọ̀ wa ń pe ohun tó tẹ̀ lé wa lórí ilẹ̀ ní òjìji, a sì tún ń pe ohun tí a rí nínú omi ní òjìji. Ẹ pe ti dígí àti ti omi ní àwòrán, kí ẹ fi òjìji sílẹ̀ fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé.

Àyẹ̀wò omi ni wọ́n máa gbádùn jù. Ẹ fi nǹkan kékeré kan sí ìdí abọ́ tánganran, kí ọmọ máa sún sẹ́yìn títí etí abọ́ yóò fi bo nǹkan náà mọ́ ọn lójú, kí ó dúró síbẹ̀ láìmira, kí ẹlòmíràn sì máa rọ omi sí i. Nǹkan náà á gòkè wá sójú rẹ̀. Owó ẹyọ ni àwọn ìwé ń sọ, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti rí kọ́bọ̀ rí? Ìdérí ìgò mínírà ni mo ń lò. Nígbà kan, mo rọ omi náà kíákíá, ọmọkùnrin kan sì sọ wẹ́rẹ́ pé, "Tíṣà, omi ló tì í wá." Òótọ́ ló sọ, ìdérí náà ti sún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́, mo sì máa ń jẹ́ kí ọmọ tó bá ṣe iyè méjì fọwọ́ kàn án kí a tó rọ omi àti lẹ́yìn tí a bá rọ ọ́ tán.

Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń yà nígbà tó bá ń jáde nínú omi ni pé ìrìn rẹ̀ kò yá nínú omi tó bó ṣe yá nínú afẹ́fẹ́: nǹkan bí 225,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, nǹkan bí 300,000 nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ kò lè rí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ to ọmọ mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n di apá ara wọn mú, kí wọ́n rìn dàgẹ̀rẹ̀ láti orí sìmẹ́ńtì bọ́ sórí yanrìn. Ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé yanrìn á falẹ̀, àwọn tó kù ṣì ń sáré, gbogbo ìlà náà á sì yí ojú sí ọ̀nà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ẹ má fi ibí yìí sílẹ̀ láìsọ ti odò fún wọn. Bí a bá wo omi láti òkè tààrà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jíjìn rẹ̀ ló ń hàn sí wa. Omi tó jìn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin á dà bí ẹsẹ̀ mẹ́ta, bí a bá sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, á tún dà bí ẹni pé kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń gbé nítòsí odò Ògùn nílò ìmọ̀ yìí ju máàkì lọ.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ fi ìṣó lu ìgò oníke tó mọ́ gaara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ kún un fómi, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn níbi tó ṣókùnkùn, kí ọmọ sì fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi tó ń ya jáde. Ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀ lé omi tó tẹ̀ náà dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde ni ojú omi ń ta á padà sínú. Daniel Colladon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi irú èyí han àwọn èèyàn ní ìlú Geneva ní ọdún 1841. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú okùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ìsàlẹ̀ òkun wọ Èkó, irú bíi Equiano tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 2022, tí ọ̀rọ̀ orí fóònù wa ń gbà kọjá.

Òṣùmàrè kò gba wàhálà: dígí tó dàgẹ̀rẹ̀ nínú abọ́ omi lójú òòrùn á gbé e sára ògiri. Ẹ kàn má fi dandan lé e pé kí wọ́n ka àwọ̀ méje. Márùn-ún ni Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti gba méje yẹn, fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kà, kó tó fi méjì kún un kí ó lè bá iye ohùn orin mu. Àwọ̀ tí ọmọ bá rí ni kí ó kọ. Ẹ sì lè bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí òṣùmàrè lójú ọ̀run rí ní ọ̀sán gangan. Wọn kò lè rí i, nítorí gíga òòrùn láti etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dín sí dígírì 42 kí òṣùmàrè tó lè yọ, òòrùn ọ̀sán gangan tiwa sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá.

Ní ti iye wọn, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, kí àyẹ̀wò kan ṣoṣo gba ọjọ́ kan. Kí kálukú kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣe é, kó má baà jẹ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ni yóò ronú fún gbogbo wọn. Yorùbá ni kí wọ́n fi jiyàn. Orúkọ tí ìdánwò ń fẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kan ti tó láti fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n ti rí. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo etí dígí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ òòrùn tàbí ti lésà sí ojú ara wọn, ẹ sì tẹnu mọ́ ọn pé a kì í fi ihò, agolo tàbí lẹ́ńsì wo òòrùn. Ẹ̀yìn ojú kì í dunni bó ṣe ń jóná, ọmọ náà kò sì ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

Àwòrán àbẹ́là tí wọ́n kọ́kọ́ yà yẹn, ẹ kó o pa mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ dá a padà fún kálukú pẹ̀lú báírò àwọ̀ mìíràn, kí wọ́n tún ìlà náà fà lórí bébà kan náà, láti àbẹ́là dé ìwé, láti ìwé dé ojú, kí wọ́n sì fi orí ọfà sí i. Ẹ má bu máàkì fún ti àkọ́kọ́.